Iná Tí Mo Gbé Lọ sí Idigny

Orúnkún mi ló jí mi lọ́jọ́ náà, kí àkùkọ tó kọ. Mo ń ráhùn bí mo ti ń wọ ṣòkòtò. Àṣàbí, àbúrò mi tó lọ́kọ sí Idigny, ní ìhà Kétu lọ́hùn-ún, ti pè mí pé ọkọ òun fẹ́ ta àgùntàn òun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún alápatà lọ́jọ́ kejì, nítorí wọn kò lóyún mọ́. Gbogbo ohun tó fi gaàrí títà kó jọ ló wà lára ẹran wọ̀nyẹn. Èmi tí mo fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ ẹran ọ̀sìn kí n tó fẹ̀yìn tì, ta ni ì bá tún pè?

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Ayétòrò kún dẹ́nu. Láti Ìlárá, níbi ibodè, sémíjàn ni mo gùn. Ọ̀kadà tiwa náà ni; èdè Fọ̀n ni orúkọ yẹn, wọ́n ní ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá." Kíákíá wo! Ẹgbẹ̀rún méjì sefá, owó tiwọn, ni mo san, gbogbo eruku pupa ọ̀nà sì wọ̀ mí nímú.

"Bàbá, ẹ dì mí mú dáadáa o," ni awakọ̀ ń wí.

"Ta ló máa wá di ìwọ mú?" ni mo fi dá a lóhùn.

Ní Kétu mo jẹ àkàsà àti ẹja ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sefá. Ẹ̀kọ wa náà ni àkàsà, àmọ́ tiwọn ki ju tiwa lọ. Iná ìjọba, kúrán ni wọ́n ń pè é, wọ́n yá a lọ́wọ́ Faransé. Kúrán kò tíì dé ọ̀dọ̀ Àṣàbí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbé iná sólà kan fún un lọ́dún tó kọjá, nígbà tí olè jí ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé. Múfútàù, ọkọ rẹ̀, mú mi lọ sí ọgbà ẹran.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ wò wọ́n. Wọ́n kàn ń jẹ ni. Ìyá mi ní ọwọ́ Àṣàbí ló gbẹ, pé ẹran kì í bímọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Àṣàbí ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Kì í ṣe irú tiwa ni àwọn àgùntàn náà. Òyìnbó kan tó ń sin ẹran nítòsí Pobè ló tà wọ́n fún un nígbà tó ń padà sí ilẹ̀ wọn. Irun wọn pọ̀ lára bí òwú. Mo tẹ̀ wọ́n níkùn, mo wo ọmú wọn, n kò rí àrùn kankan. Àgbò tó wà nínú ọgbà náà gbóòórùn wọn, ó ṣíjú kúrò bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ àná fún. Ó ti rẹ̀ mí, mo jókòó sórí odó.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí iná kan tàn gbòò lórí ọgbà.

"Bọ̀dá, iná yín rèé," ni Àṣàbí wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti ọ̀sán nìyẹn. "Ó ń tàn di àárọ̀ ni. Olè ò yọjú mọ́."

Mo dìde lórí odó. "Ìgbà wo ni wọ́n bímọ kẹ́yìn?"

"Ṣáájú iná ni."

Yéè! Èmi fúnra mi ni mo ṣe é.

Mo pe Múfútàù, mo ṣàlàyé. Ohun kékeré kan wà nínú ọpọlọ àgùntàn, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Bí ojú ẹran bá rí òkùnkùn ni nǹkan náà máa ń da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Melatónínì ni wọ́n ń pè é. Bí òru bá gùn, oje náà á pẹ́ lára, ọpọlọ á wá mọ̀ pé àkókò àgbò tó. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tán, oje náà kò ní wá. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìgbà tí òru bá ń gùn sí i ni irú àgùntàn yìí ń gun ara wọn, kí wọ́n lè bímọ nígbà tí koríko tútù bá yọ.

"Àgùntàn ìyá mi ńkọ́? Abẹ́ iná yìí náà ló ń sùn, ó sì bímọ."

"Tiwa kì í ka òru. Ọ̀sán àti òru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún, kí ni wọ́n fẹ́ kà?"

Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, olè ni òkùnkùn ń bí. Bí a bá pa iná, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?"

"Èmi ni," ni Àṣàbí wí. "Màá máa sùn tì wọ́n."

Múfútàù na ìka mẹ́ta sí i. "Oṣù mẹ́ta," ló wí. "Bí wọn ò bá lóyún, alápatà ló ni wọ́n."

N kò búra fún un pé wọn yóò lóyún. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ.

Láàárọ̀, alápatà dé, ó mu omi, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Mo tú iná náà sínú àpò mi. Gbogbo ọ̀nà ni igun rẹ̀ ń gún mi níhà, n kò sì lè bínú sí i. Iná tó wù mí ni mo gbé fún un. N kò bi àwọn tó máa sùn sábẹ́ rẹ̀ léèrè.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi wú. Ìyàwó mi fọwọ́ kan àpò. "Kí lẹ mú bọ̀ fún wa?"

"Iná tí mo gbé lọ ni."

Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí fóònù fi dún. Àṣàbí ni.

"Bọ̀dá, ilẹ̀ ti ṣú níbí o. Mo ti tẹ́ ẹní."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní kó má tíì pa fóònù. Mo dìde, mo pa iná yàrá wa; èmi níbí, òun lọ́hùn-ún, a jọ jókòó sínú òkùnkùn.