Agolo Tí Apá Wa Ká

Ìró kan ló mú mi gbé ife tíì sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Kírírírí, ó dákẹ́, kírírírí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ìrẹ̀ tó há sínú agolo. Yàrá àlejò mi níhìn-ín ní Kabong, ní Jos, ló ti ń wá. Mo dìde, mo lọ wò ó. Káyọ̀dé, ọmọ ọmọ mi tó wá kí mi láti Èkó, ló jókòó sórí ẹní, tó ń fa okùn ọ̀rá jáde lára ẹ̀rọ dúdú kan tó ń dán.

Káyọ̀dé ti di apẹja. Bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá ti parí, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a lọ sétí òkun, wọn a dúró sórí iyanrìn, wọn a ju ìwọ̀ síwájú ìgbì, wọn a máa dẹ ẹja ekurá, ẹja eléyín bí ayùn tí ẹnu rẹ̀ ń já okùn bí ẹni já òwú. Ríìlì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká okùn náà. Ẹni tó ń tà á ní kó gbé méjì lọ sílé, kó mú èyí tó bá bá a lára mu, ó sì gbé méjèèjì wá sí Jos, níbi tí kò sí òkun, bí ọmọ tó gba bàtà tuntun tí kò fẹ́ bọ́ ọ sùn. Ọ̀kan kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lọ. Èkejì tó orí ọmọ ọwọ́.

"Màmá, ẹ bá mi mú ọ̀kan," ló fi mí ṣeré.

Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀ kí n rí i. Mo bi í pé bí ẹja náà bá gbé ìwọ̀ mì tó sì sáré, ó lè sáré dé ibo? Ó ní láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì ọlọ́dà, kó sì tún kọjá.

"Ó dáa," ni mo wí. "Orí ilẹ̀ lo dúró sí, o ò ní ọkọ̀ tí wàá fi tẹ̀lé e. Okùn inú kékeré yìí á tán kó tó rẹ ẹja. Ńlá yẹn ni kó o mú, bó o bá lè gbé e láti àárọ̀ dọ̀sán tí apá ò ro ẹ́. Bí apá bá ro ẹ́, lọ wá èyí tó wà láàárín."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Màmá, ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

Orúkọ tí n kò pè fún ọdún gbọọrọ sì bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ladi."

Dadin Kowa, ní Jos kan náà, lèmi àti Ladi ti ṣe kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Dadin Kowa lónìí, ẹ yọ ògiri gíga àti géètì onírin kúrò lójú yín. Ọgbà orọ́ ló yí ilé kọ̀ọ̀kan ká nígbà náà, igi ẹlẹ́gùn-ún tí oje rẹ̀ funfun bí wàrà, ihò sì wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan tí ọmọdé ń gbà kọjá láìjẹ́ pé àgbàlagbà mọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku á bo ewé orọ́ náà títí á fi dà bí ẹni pé wọ́n da elùbọ́ sí i lórí, àwa ọmọ á sì jókòó yí àdògán ká, ètè wa á sán, a óò máa fẹ́ atẹ́gùn sí kúnú gbígbóná.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Bàbá tirẹ̀ ló bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá tòun ti ẹrù aṣọ, òun náà sì jogún ìsọ̀ aṣọ nínú ọjà. Nínú ilé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ sí wa. Àmọ́ Haúsá ni ọ̀rọ̀ ìta. Haúsá la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà, òun náà ni mo fi ń lálàá. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti ilé, wọ́n ní kí n wá kí i. Dípò kí n kúnlẹ̀, mo lóṣòó díẹ̀, mo ní, "Ina kwana, Baba," ìyẹn ẹ káàárọ̀ ní Haúsá. Ọkùnrin náà wẹ̀yìn mi wò, bóyá ọmọ mìíràn ló sọ̀rọ̀. Ojú ti ìyá mi débi pé ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà kò níyọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti dópin. Wọ́n ní bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, n óò lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ahọ́n mi lè padà sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni mo ń rò fún yín.

Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni ilé Ladi. Ọmọbìnrin ẹ̀yà Bẹ́rọ̀ọ̀mù ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ìtọ́jú ẹran ní Vom, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, nítorí náà bàbá rẹ̀ àgbà ló ń tọ́ ọ. Kaka ni gbogbo wa ń pe baba náà, bí àwọn Haúsá ti ń pe òbí àgbà. Kaka ti wa kùsà fún òyìnbó títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ladi ga, ó tín-ín-rín, eyín iwájú rẹ̀ là, kì í sì í pọ̀ ní ọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi tí mo tún máa ń sọ tirẹ̀. Bó bá sì fẹ́ kí n dákẹ́, á súfèé.

Ihò kan tí àwọn awakùsà gbẹ́ tí wọn kò dí wà lẹ́yìn ilé Kaka. Omi ti kún un láti ìgbà pípẹ́. Àwọ̀ omi náà kò ṣeé júwe: ní òwúrọ̀ á dà bí aró tí wọ́n bomi là, bó bá di ọ̀sán á fẹ́ jọ ewé. Ilẹ̀ funfun tí wọ́n wú jáde nínú rẹ̀ wà létí rẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò ló kórìíra rẹ̀, nítorí bèbè rẹ̀ a máa ya lójijì, ó sì ti gbé ọmọ rí. Ìyá mi ti fa etí mi, ó sì ti ṣe ìlérí ohun tí yóò ṣe bí mo bá débẹ̀. Gbogbo ọ̀sán la máa ń débẹ̀.

Ẹja wà nínú omi náà. Ẹpìyà pọ̀, àmọ́ àrọ̀ kan wà tí gbogbo ọmọ ń pè ní Sarki, ọba. Àwọn kan ní àwọn rí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó gòkè wá mí, wọ́n ní ó dà bí igi tó ń yí nínú omi. A ò ní ọ̀pá ìpẹja. Ara agolo la ń ká okùn sí: wàá mú agolo dání lọ́wọ́ òsì, ẹnu rẹ̀ á kọjú sómi, wàá fi ọwọ́ ọ̀tún fi ìwọ̀ àti òjé yípo lórí, wàá jù ú, okùn á máa tú jáde lára agolo fúnra rẹ̀. Èmi àti Ladi pinnu pé kí n tó lọ, àwa la óò mú Sarki.

Agolo mílíìkì la kọ́kọ́ lò. Ó fúyẹ́, ó rọrùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ okùn tó gbà kò tó nǹkan. Ọjọ́ tí Sarki gbé e, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sáré. Okùn tán, agolo fò kúrò lọ́wọ́ Ladi bí ẹyẹ, ó balẹ̀ sórí omi, ó gbọ̀n rìrì, ó sì rì. A dúró, à ń wo ibi tó gbà lọ.

Mo ní ó dáa, èyí tó tóbi jù láyé la óò wá. Mo gbé agolo bísíkíìtì ńlá ìyá mi, mo da abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo okùn àtijọ́ tí Kaka fún wa gbà sára rẹ̀, àyè sì kù. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ jù ú, ìka mi kò ká a. Ó yọ̀ bọ́, ó yí lọ sísàlẹ̀ òkìtì, gbogbo okùn náà sì lọ́ mọ́ra bí irun wèrè. Gbogbo ọ̀sán la fi tú u. Kaka rí wa láti ìdí ọgbà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ladi ló dìde lọ́jọ́ kejì lọ síbi àkìtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbé agolo kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàńpàkò àti ìka gígùn rẹ̀ yí i ká, ó ń jù ú nù. Ó wá dé orí agolo kòkó mímu kan tó ti dógùn-ún díẹ̀. Ó fún mi kí èmi náà dì í mú. Díẹ̀ ló kù kí ìka mi pàdé ara wọn. Ó ní, "Wannan." Èyí ni. A ká okùn sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ladi ń jẹ máńgòrò, èmi ni mo di agolo mú, okùn sì lọ. Kò fà á bí ẹpìyà ti ń fà á. Ó kàn lọ ni, bí ẹni tó rántí pé òun ní ibì kan láti lọ. Mo fẹ́ dá a dúró. Okùn ti ń gé mi ní ìka.

"Ki bar shi!" ni Ladi kígbe. Fi í sílẹ̀! "Ki bar shi ya gudu!" Jẹ́ kó sáré!

Mo fi í sílẹ̀. Agolo ń ké kírírírí lọ́wọ́ mi, okùn ń tú, ó ń tú, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí rí ara agolo fúnra rẹ̀ lábẹ́ okùn tó kù. Mo ń gbàdúrà ní Haúsá. Nígbà náà ni ẹja náà dúró.

Ladi fi aṣọ rẹ̀ wé ọwọ́, ó ń fa okùn bọ̀, èmi ń ká a. Ó tún sáré, a tún fi í sílẹ̀. A fà á bọ̀. Nígbà tí oòrùn fi wọ ẹ̀yìn òkìtì, orí tó fẹ̀ bí ìdí ìkòkò yọ létí omi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Àwa méjèèjì jókòó sínú ẹrẹ̀, a bú sẹ́kún, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín títí dòní.

A fi igi gbé e lé èjìká, ìrù rẹ̀ ń wọ́ eruku. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo tó rántí pé gbogbo ọgbọ́n tí a ti ń dá láti ọjọ́ yìí wá kí ìyá mi má bàa mọ̀, ti ẹja kékeré ni. Èyí kò ṣeé fi sábẹ́ aṣọ. Ìyá mi jáde. Ó wo ẹja, ó wo ẹrẹ̀ ara wa, ó wo apá ibi tí a ti ń bọ̀.

"Níbo lẹ ti rí i?"

Ẹ̀rù bà mí, Yorùbá sá kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "A ruwa, Mama." Nínú omi. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì nínú gbólóhùn kan.

Kò nà mí. Ó se ẹja náà, gbogbo agbo ilé jẹ ẹ́, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé fún Kaka. Ìyá mi nìkan ni kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó, ó ń wò mí bí ẹni tó ń ka ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti di ẹrù mi. Àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó kù fún èmi àti Ladi ni Sarki gbé lọ.

Ladi wá sí ìdí ihò ọgbà láàárọ̀ tí mo ń lọ. Kò sunkún. Ó ní, "Sai kin dawo." Ó di ìgbà tí o bá padà. Mo ní, "Tó," ìyẹn ó dáa, bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀.

Mo kọ́ Yorùbá. Ìyá bàbá mi rí sí i, òun ni mo sì fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ nígbà tí mo fi kàwé tán tí mo padà sí Jos, àjèjì ló ń gbé ilé Ladi. Kaka ti kú. Àwọn kan ní wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Pankshin, àwọn mìíràn ní Makurdi ni. Lẹ́yìn náà ìlú dàrú, ó tòrò, ó tún dàrú. Oníkálukú kó lọ síbi tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ pọ̀ sí, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù dí ihò ọgbà gbogbo.

Káyọ̀dé gbọ́ gbogbo èyí, ó yọ fóònù jáde. "Kí ni orúkọ bàbá rẹ̀, Màmá? A máa rí i níbí." Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un. Ladi ni Haúsá ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Sunday. Baban Ladi là ń pe bàbá rẹ̀. Kaka ni Kaka.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ sídìí omi náà ní Dadin Kowa. Ilé ti dé etí omi. Ẹ̀rọ ń fa omi sí oko kábéèjì àti tòmátì, òkìtì funfun ti tán, wọ́n ti fi kọ́lé. Omi náà nìkan ni kò yí àwọ̀ padà. Obìnrin kan tó ń fọ kárọ́ọ̀tì létí rẹ̀ kí mi, mo sì bi í ní Haúsá bóyá ó mọ Ladi kan tó gbé ibí nígbà kan rí.

"Ladi wacce?" ló bi mí. Ladi wo? Ó rẹ́rìn-ín. "Ladi lèmi náà ń jẹ́."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé orí sókè, ó wò mí dáadáa, ó wo ilà ojú mi, ó ní, ta ló kọ́ mi ní Haúsá? Ó ní Yorùbá kò ní í pè é báyìí. Ó ní bí àwọn ọmọ Bẹ́rọ̀ọ̀mù àdúgbò yìí ṣe ń pè é láyé àtijọ́ ni mò ń pè é, bí ìyá òun àgbà.

N kò mọ̀ ọ́n rí. Ta ni ìbá sọ ọ́ fún mi? Ahọ́n mi lọ sílé lóòótọ́, ó sì gbé ilé fún ọdún púpọ̀, àmọ́ nígbàkúùgbà tí mo bá ya ẹnu ní Haúsá láti ra ata tàbí láti kí aládùúgbò, Ladi ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í pọ̀ ní ọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Mo bá a fọ kárọ́ọ̀tì díẹ̀, kí n lè tún sọ̀rọ̀ sí i.