Jẹnẹrétọ̀ Tó Wà Nínú Àwo Rẹ̀míláyọ̀

Ó ti rẹ Rẹ̀míláyọ̀. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn kúrò lára. Èyí tó ti di ará ilé ni. Láàárọ̀ ló ń jáde ní Thomas Estate, lẹ́bàá Ajah, á wọkọ̀ lọ sí Ìbẹ̀jú, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Níbẹ̀ ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ nọ́ńbà kọ̀nténà títí ojú á fi máa ta á. Nírọ̀lẹ́, á tún wọkọ̀ bọ̀, tirélà níwájú, tirélà lẹ́yìn, eruku láàárín. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, kò sì lọ́kọ. Bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ló ń fi ọwọ́ tó dilẹ̀ ṣe, á ní òun ń kọrin. Wọ́n á ní àwọn mọ̀, ṣebí ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni àwọn jọ wà.

Kì í ṣe orin yẹn ló ń sọ. Nínú yàrá rẹ̀ lókè, Rẹ̀míláyọ̀ ní kíbọ́ọ̀dù kan, máìkì kan, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí bátìrì rẹ̀ ti gbó àmọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló fi ń ṣe orin tirẹ̀: kò sí gìtá nínú rẹ̀, kò sí ìlù aláwọ, ohùn kíbọ́ọ̀dù lórí ohùn kíbọ́ọ̀dù ni, òun fúnra rẹ̀ á wá máa kọ Yorùbá jẹ́jẹ́ lé e lórí. Àwọn ọmọ ìwòyí ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, síǹtìpọ́ọ̀pù. Ọ̀gá akọrin wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ íápíìsì létí, ó ní ó jọ fíríìjì tí ara rẹ̀ kò yá, àmọ́ kí Ọlọ́run bù sí i. Rẹ̀míláyọ̀ ṣe àmín. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn wí nípa orin náà, kó bá Mikail wí. Mikail ni télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀, abẹ́ fèrèsé Rẹ̀míláyọ̀ gan-an sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Mùsùlùmí tó ń kírun lásìkò ni, síbẹ̀ sùtánà funfun ló mọ̀ ọ́n rán jù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀míláyọ̀ tí kò wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló ń lò. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbé e sí, bó bá sì ti fà á, gbogbo ilé á máa gbọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, Rẹ̀míláyọ̀ bínú. Sátidé nìkan ló ráyè, Sátidé náà sì ni iṣẹ́ Mikail máa ń pọ̀ jù, nítorí àwọn tó fẹ́ wọ sùtánà tuntun lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti fèrèsé, ó fi tìmùtìmù dí i, ó da aṣọ bo orí kọrin títí ooru fẹ́ẹ̀ pa á. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń wọlé sínú máìkì. Nígbà tó yá, agara dá a, ó sì ṣe ohun tí ẹni tí agara dá máa ń ṣe: ó gbà fún un. Kàkà kó máa bá a jà, ó yí ohùn kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti jẹnẹrétọ̀ mu. Láti ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ló ń fún un lóhùn tí orin á fi bẹ̀rẹ̀. Bí Mikail bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀ á rẹ ohùn sílẹ̀. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á tún gbé e sókè. Rẹ̀míláyọ̀ mọ ìgbà tó ń rán etí ìsàlẹ̀ sùtánà, torí ibẹ̀ gùn, ó sì mọ ìgbà tó ń rán ọrùn. Ó ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ báyẹn, Mikail ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí iná ìjọba bá dé, àwọn ọmọdé àdúgbò á figbe ta. Mikail kì í gbọ́. Ràhímátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Habeeb ọmọ wọn, ló máa ń yọjú láti ilé ìdáná láti sọ fún un pé kó pa jẹnẹrétọ̀. Mikail á ní òun ń bọ̀, kò sì ní dìde. Ó dìgbà tí Ràhímátù bá pè é lẹ́ẹ̀kejì, tí èébú díẹ̀ sì wà nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà, kó tó gbé aṣọ kalẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ayálégbé bá ti gbọ́ ìpè àkọ́kọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ní Sátidé kan, Rẹ̀míláyọ̀ ń gba orin kẹrin nínú àwo kan tó ń ṣe sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ku díẹ̀ kó parí nígbà tí Ràhímátù yọjú, tó pe Bàbá Habeeb, ọkọ rẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́ wọlé ketekete, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ pa máìkì kí èkejì tó dé, ó pòṣé, ó ní òun á tún un kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa pé, Ràhímátù ti wà ní ọsibítù, kò sì padà wálé mọ́. Rẹ̀míláyọ̀ ò tún orin kẹrin kọ. Bó ṣe wà ló fi í sílẹ̀.

Kò sì sọ fún Mikail. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó dà bí ẹni pé ó yá jù. Nígbà tó fi di ọdún kan, ó ti pẹ́ jù, ojú sì ń tì í, bí ẹni tí kò tètè lọ kí ni kú ará fẹ́ra kù. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí àwo orin náà bá ti jáde, òun á gbé e lọ fún un, kó gbọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Ìgbà yìí ni Ọpẹ́ dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Lẹ́kkí, tó ń bá àwọn olórin tí kò ní olówó lẹ́yìn gbé àwo jáde. Ó gbọ́ ọ̀kan nínú orin Rẹ̀míláyọ̀ lórí fóònù, ó wá a kàn, ó ní àwọn á gbé gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ kan báyìí, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo ayé ń gbé àwo tuntun jáde. Kò tán síbẹ̀. Ó bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lókè òkun, àwọn tó máa ń to orin tuntun síwájú ẹni tó bá ṣí fóònù láti gbọ́ orin, wọ́n sì gbà láti fi orin kẹrin síwájú. Ọpẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló máa gbọ́ ọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Rẹ̀míláyọ̀ ò fò sókè, kò lágbára ìyẹn, ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́, láàárín kọ̀nténà kan àti òmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òun lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ronú irú rẹ̀.

Ọpẹ́ wá ní kó wá gbọ́ orin náà, pé ẹni tó ń bá àwọn tún ohùn ṣe ti parí iṣẹ́. Rẹ̀míláyọ̀ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lọ. Wọ́n fi íápíìsì ńlá kan bò ó létí.

Ó mọ́. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, iṣẹ́ ọwọ́ náà dára. Rẹ̀míláyọ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí kò ṣe gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ń rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń gbé e sókè, kò sì sí ohun tó ń bá rìn mọ́. Orin kẹrin lọ títí, ó dé ibi tó yẹ kí wọ́n ti pe Bàbá Habeeb, ó kọjá ibẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó pè é. Rẹ̀míláyọ̀ ní kí wọ́n tún un gbé, wọ́n tún un gbé, kò sẹ́ni tó pè é náà.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ bó ṣe clean?" ni Ọpẹ́ wí. "Gen yẹn ti lọ pátápátá. Obìnrin tó ń pariwo níbi ìparí yẹn gan-an, a ti yọ ọ́."

Rẹ̀míláyọ̀ ní obìnrin náà kò pariwo. Ó sọ ẹni tó jẹ́ fún un, ó sì sọ pé ó ti kú. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni Ọpẹ́, ó ní kí ó má bínú, òun ò mọ̀. Rẹ̀míláyọ̀ bi í bóyá wọ́n lè dá ohùn obìnrin náà nìkan padà. Ọpẹ́ ní kò ṣeé ṣe, òun àti jẹnẹrétọ̀ ti wé mọ́ra, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan á gba méjèèjì. Ó wá sọ òótọ́ ibẹ̀: àwọn ará òkè òkun ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, èyí tó mọ́ yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà.

"Tí a bá dá gen padà, wọn ò ní gbé e síwájú mọ́," ló wí. "Ẹ fún mi lésì lọ́la, Àǹtí. Mi ò ní fipá mú yín."

Nínú ọkọ̀, Rẹ̀míláyọ̀ rò ó títí orí fi ń fọ́ ọ. Ó lè gbé èyí tó mọ́ fún aráyé, kó fi ti àtijọ́ pamọ́ sórí fóònù fún Mikail. Kò sẹ́ni tó máa mú un. Àmọ́ báwo ló ṣe fẹ́ wí i fún un? Pé ìyàwó yín rèé, èyí tí a yọ kúrò kí àwọn ènìyàn tó lè gbádùn orin? Ó gbìyànjú láti rí ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà sọ ọ́, kò rí. Bẹ́ẹ̀ ó wu ú kí wọ́n gbọ́ orin rẹ̀. Ó wu ú gan-an ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò wu ú.

Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Sátidé ni, oòrùn ti yọ, kò sì gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó rò pé nǹkan ti ṣe Mikail. Mikail wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó nàka sókè. Wọ́n ti bá a gbé sólà sórí òrùlé lánàá, kí Rẹ̀míláyọ̀ tó dé. Ó ti ta jẹnẹrétọ̀ fún bíríkìlà kan, ọkùnrin náà sì ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

"Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ lè máa kọrin yín wàyí," ni Mikail wí. "Mo mọ̀ pé mo ti yọ yín lẹ́nu tó."

Rẹ̀míláyọ̀ ní ó ṣeun. Mikail ní kì í ṣe torí rẹ̀ nìkan. Jẹnẹrétọ̀ náà ti sú òun láti ìgbà tí Ìyá Habeeb ti lọ. "Iná á dé, á ṣì máa dún," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi mọ́." Ó tún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tò, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Rẹ̀míláyọ̀ gòkè padà, ó pe Ọpẹ́.

"Dá jẹnẹrétọ̀ padà," ló wí. "Nínú gbogbo rẹ̀."

Ọpẹ́ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní kò dá òun lójú, àmọ́ kó dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ ò dùn, ara rẹ̀ ò fúyẹ́. Ó kàn ń rò ó pé òun á wà ní ìdí kọ̀nténà pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé fóònù láti pe Ọpẹ́ padà pé kó má dá òun lóhùn, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e sílẹ̀.

Àwo náà jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Orin ẹlòmíràn ni àwọn ará òkè òkun fi síwájú. Ọpẹ́ ń gbìyànjú, ó ń fi í ránṣẹ́ kiri, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ kò pọ̀. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun ti yọ íápíìsì òun wò lẹ́ẹ̀mẹta, òun rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Rẹ̀míláyọ̀ kà á lẹ́nu iṣẹ́, ó pa fóònù dé, ó sì tẹ nọ́ńbà kọ̀nténà tó kàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tíì bọ́ sùtánà, kò sì tíì wọ bàtà, torí wọn kì í wọ bàtà sí i, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Mikail. Ọkùnrin náà ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ di etí aṣọ kan. Rẹ̀míláyọ̀ jókòó sórí àpótí.

"Bàbá Habeeb, àwo mi ti jáde," ló wí. "Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀."

Ó tẹ fóònù, orin kẹrin bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ dún. Mikail gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ òun nìyẹn, ibikíbi tí òun bá ti gbọ́ ọ òun á dá a mọ̀. Ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní sùtánà ni òun ń rán níbẹ̀ yẹn, etí ìsàlẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mikail padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí sí orin náà torí àpọ́nlé.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí orin parí, Ràhímátù yọjú.

"Bàbá Habeeb, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ o, iná ti dé."

Mikail ò ní òun ń bọ̀. Ó gbé aṣọ kalẹ̀, ó dìde, ó jáde, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí epo ti sọ sìmẹ́ǹtì di dúdú. Rẹ̀míláyọ̀ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀ lásán, fóònù lọ́wọ́, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún nínú rẹ̀. Mikail bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ síbi tí wọ́n ti máa ń pa á, ọwọ́ náà sì dúró níbẹ̀ láìba nǹkan kan. Orin parí. Ariwo náà dákẹ́.

"Mo ti pa á," ni Mikail wí, kò gbójú sókè. "Mo ti pa á, Ìyá Habeeb."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè é.