Ọwọ́ Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Ti Gbẹ́rù

Ọjọ́ tí Bàbá Ọláoyè gbé adìyẹ fún ọkọ ìyàwó ni gbogbo Jikwoyi, l'Abuja, mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó kí i, tó sì béèrè irú ènìyàn tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́. Bí ọkọ ìyàwó ṣe ń ṣàlàyé lọ, bàbá na adìyẹ tó rà bọ̀ láti ọjà sí i. Ọkọ ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á láìfura, ó sì wọlé lọ.

Níwájú pẹpẹ, pásítọ̀ wò ó. "Kí lèyí?"

"Ti bàbá kan ni, sà. Ọ̀rọ̀ bàbá mi àgbà là ń sọ."

"Wọ́n mọ bàbá rẹ àgbà ni?" Pásítọ̀ náà nawọ́ gba adìyẹ. Tòun ti adìyẹ lábẹ́ apá ló fi so tọkọtaya pọ̀.

Diméjì, aládùúgbò bàbá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jáde yunifásítì, kò ríṣẹ́, kò sì fẹ́ràn ẹ̀tàn. Síbẹ̀ ó wà níjókòó lọ́jọ́ tí bàbá ń kọ́ Saeed àti Àsíátù, àwọn ọ̀rẹ́ Diméjì, ní ọgbọ́n bí a ṣe ń fi ẹrù lé èèyàn lọ́wọ́ láìjẹ́ kó mọ̀.

"Ẹ má wo ẹrù," ni bàbá wí. "Ojú ẹni náà ni kí ẹ wò. Ẹ bi í ní ohun tó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún."

Saeed dán an wò ní ọjà Dei-Dei. Ó bi oníṣòwò kan bí ọjà ṣe ń lọ, ó sì na ṣọ́bìrì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sí i. Ọkùnrin náà gbà á, ó ka ìṣòro rẹ̀ tán, ó sì ta ṣọ́bìrì náà fún oníbàárà tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Àsíátù bi ìyálọ́mọ kan léèrè ọmọ rẹ̀ ní Nyanya. Kó tó na báàgì, ọmọ ti wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó délé pẹ̀lú ìtọ̀ ọmọ lára aṣọ. "Kai, bàbá, ẹ ti kọ́ ìyá yẹn ṣáájú mi."

Diméjì ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Ẹ ò lè rí èmi mú, bàbá."

"Èmi? Mi ò gbìyànjú ẹ̀. Kí ni wọ́n sọ fún ọ níbi tí o ti lọ wáṣẹ́ lánàá?"

Inú bí Diméjì. Ó ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, ó fọwọ́ júwe ẹni tí wọ́n gbà torí pé ó mọ èèyàn lókè. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ti dé ilé bàbá, iṣu bàbá sì kún apá rẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi. Gbé e sí ilé ìdáná."

Diméjì pinnu lọ́jọ́ náà pé òun yóò mú bàbá bó pẹ́ bó yá. Kò rọrùn. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í gbé ẹrù lé àgbà lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, àìsàn dé. Dókítà ní ọkàn bàbá kò ní lè ṣiṣẹ́ pẹ́ láìsí oògùn. Bàbá ní òun ò lò ó. Jemimah, ọmọ rẹ̀, bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sunkún.

"Mo ti gbó," ni bàbá wí, ó kọjú sí ògiri.

Diméjì gba oògùn àti ife omi lọ́wọ́ Jemimah, ó wọlé. Kò dárúkọ àìsàn rárá.

"Bàbá, wọ́n ní ẹsẹ̀ lẹ fi rìn dé Abuja nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá."

"Ta lòpùrọ́ náà?" Bàbá dìde jókòó. "Láti Kàbbà? Ọkọ̀ agbégi ló gbé wa." Ó ń sọ ọ́ lọ, ó gba oògùn, ó fi omi gbé e mì.

"Mo mú yín, bàbá."

"Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn rí ni."

Láti ìgbà náà, oògùn kan láràárọ̀, ìtàn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò dé, ọkọ̀ agbégi inú ìtàn ò tíì dé Abuja. Bàbá kì í kánjú. Ojú oorun ló kú sí, ọkọ̀ náà sì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ní Lọ́kọ́ja.

Diméjì kò tíì dárí ìyẹn jì í. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń lọ bá Jemimah lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọn a sì jọ jiyàn lórí bí wọ́n ṣe fa ọkọ̀ náà yọ.