Gílóòbù Kan Lára Bátìrì Lọ́rì

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ní Ifọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin nìkan la wà nílé. Òkúta rédíò wa ti kú. Bàbá awakọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò wa gbé lọ́rì wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wa, wọ́n lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ajuwọn. Bátìrì méjì ló wà lára lọ́rì náà. Iná méjèèjì á pọ̀ jù fún rédíò, nítorí náà ẹyọ kan ni mo so wáyà mọ́.

Rédíò ké, àbúrò mi ń jó. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo tún so gílóòbù ọkọ̀ mọ́ ọn kí ìyá mi lè ríran dáná.

"Ṣé bàbá mọ̀ sí i?"

"Wọ́n mọ̀, mà."

Irọ́ ni. Oorun gbé wa lọ, n kò yọ gílóòbù náà. Nígbà tí mo jí, ó ti kú, iná bátìrì ti tán. Mo yára tú wáyà kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Bọ̀dá kan wà ní ìkóríta wa, ará Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń ṣájì bátìrì. Àwọn ló ṣájì ti lọ́rì náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí bátìrì bá ti kún, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹ̀rí wọn pé ó kún nìyẹn. N kò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà. Bọ̀dá yìí ló ń kọ́ mi ní nọ́ńbà kíkọ, lára bátìrì àwọn oníbàárà.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí bàbá awakọ̀ dé, lọ́rì kọ̀, kò sítáàtì. Wọ́n gbé bátìrì lọ bá bọ̀dá ní ìkóríta, wọ́n gbé e kalẹ̀ gbàgà.

"Kí lo ṣájì sínú èyí? Ìrẹsì àwọn èèyàn ń dúró dè mí l'Ọ́fàdà!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ó kún nígbà tí ẹ gbé e lọ. Ẹ wo nọ́ńbà mi lára rẹ̀."

"Nọ́ńbà ni màá fi wa ọkọ̀?"

Ẹ̀rín sọ láàrin àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ké pé, "Oníṣájì afẹ́fẹ́!" Orúkọ náà mọ́ bọ̀dá lára. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn oníbàárà ti gbé bátìrì wọn lọ. Kò pé oṣù kan tí bọ̀dá fi kó kúrò ní Ifọ̀. Mo wà ní ìkóríta lọ́jọ́ Àìkú náà. N kò sọ fún wọn pé èmi ni.

Ìgbà ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ní Mowe tí mò ń gbé báyìí, ara tírélà tó bá dúró létí títì lẹ ti ń ṣájì fóònù. Mo máa ń gbọ́ yín: "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ti kú o." Ẹ̀ ń tọrọ rẹ̀. Èmi kò tọrọ. Ìyàwó mi nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún kó tó kú. Ó ní kí n wá bọ̀dá náà lọ. N kò lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Àìkú yẹn, mo lọ sí ìsọ̀ bọ̀dá láti jẹ́wọ́. Wọ́n ń gbálẹ̀. Kí n tó la ẹnu, wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí mi.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi! Ìwọ ò sá fún mi."

Kò sí bátìrì kankan nílẹ̀ tí mo lè kọ nǹkan sí. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà mi sára ògiri. Mo kọ ọ́, láti oókan dé ẹẹ́wàá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbé ìjẹ́wọ́ mi padà lọ sílé.