Ẹ̀yìn Ọwọ́ Jíbrílù

Bí Jíbrílù bá dán ọkọ̀ tán ní Olówógbowó, eṣinṣin tó bá fẹ́ bà lé e á kọ́kọ́ wá ẹlẹ́rìí méjì, torí bó bá yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa kán. Wọ́n ní ọkùnrin kan rí ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí Jíbrílù dán, ó sì kí ara rẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó rò pé ẹni tó lówó ju òun lọ ló ń bọ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bàá ògiri ilé kan náà. Ohun èlò rẹ̀ ò pọ̀: jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí ariwo rẹ̀ tó ti igba ọkùnrin tó ń jà, ike pólíìṣì, àti máṣíìnì oníná kan tó ní ìrọ̀rí onírun lẹ́nu, tó ń yí bí òòyì. Bó bá ti tan máṣíìnì yẹn, eyín àwọn arúgbó á máa gbọ̀n títí dé Pópó Àgùdà.

Ṣùgbọ́n máṣíìnì kọ́ ló sọ ọ́ di ọ̀gá. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí máṣíìnì bá ń yí lórí ọ̀dà, ọ̀dà á máa gbóná. Bó bá pẹ́ jù lójú kan, ọ̀dà á jó, irin á yọjú bí orúnkún ọmọ tó ṣubú. Nítorí náà, bó bá dán an díẹ̀, Jíbrílù á gbé máṣíìnì sókè, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ọkọ̀. Bó bá ti gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń bọ̀ wá mú, á kúrò níbẹ̀. Kò jó ọ̀dà ẹnikẹ́ni rí.

Àfi pé lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ náà kú. Máṣíìnì ti gbọ̀n ọ́n fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ó sú u. Orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó rìn dé ọrùn ọwọ́. Jíbrílù wá ń gbé kọ́ọ̀bù tíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó bí ẹni gbé omi tútù. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn ń fi ìpara ra ọwọ́, ìpara tó ta sánsán débi pé gbogbo àdúgbò ń sín.

Ganiat ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì ní Ìdúmọ̀tà, rí i pé ọkọ òun ò lè de bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́. Kò bi í. Àràárọ̀ ló ń sún mọ́ ọn pé òun fẹ́ gbóòórùn lọ́fínńdà rẹ̀, á sì ti de gbogbo bọ́tìnì tán kí òórùn kankan tó dé imú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá Modúpẹ́ ní kí awakọ̀ kan bá òun wa Píjò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá láti Pópó Àgùdà. Ọkọ̀ náà dàgbà débi pé ó yẹ kí àwọn ọkọ̀ yòókù máa dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Jíbrílù," ni màmá wí, "Sátidé ló máa pé ọdún mẹ́wàá tí ọkọ mi kú. Inú ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́ jókòó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Fádà á rí irun imú ara wọn nínú rẹ̀."

"Fi àwàdà sílẹ̀. Ọ̀dà yìí ló bá a dé láti ilé iṣẹ́. Gbogbo Sátidé ni ọkọ mi ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Bí o bá jó o, àwọn tó ń kun ọkọ̀ á ní kí àwọn ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí àwọn kun tuntun. Kì í ṣe ọkọ̀ ọkọ mi mọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ tiwọn ni."

Jíbrílù ì bá ti sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni táyé ti ń pè ní ọ̀gá fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ṣòro kó lanu sọ pé ọwọ́ òun ti kú. Ó ní, "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, Mà."

Màmá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítòsí. Jíbrílù fọ ọkọ̀, ó lẹ pépà mọ́ etí fèrèsé, ó tan máṣíìnì. Kò tíì dán bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìdajì tó fi gbé e sókè, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ò sọ nǹkan kan. Ó lo ọwọ́ kejì. Òun náà dákẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án, ìgbọ̀nwọ́ ní ó gbóná. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní kò gbóná. Àwọn méjèèjì ò kọ́ṣẹ́ rí. Ó pa máṣíìnì, ó jókòó lórí àpótí.

Ibẹ̀ ni Ganiat bá a nígbà tó gbé ìrẹsì ọ̀sán dé.

"Bàbá Khairiyyah, kí ló dé tí ẹ jókòó?"

"Wọ́n ti mú iná lọ."

Ganiat wo jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èyí tó ń ké yìí ńkọ́? Ṣé òkú ló ń sun ni?"

Jíbrílù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ganiat, ọwọ́ mi ti kú."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bọ́tìnì."

Jíbrílù wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Bí mo bá jó ọ̀dà yìí, ìgbà kejì tí màmá yẹn máa pàdánù ọkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ganiat gbé ìrẹsì sílẹ̀. Ó fọwọ́, ó bọ́ òrùka kó má baà ha ara ọkọ̀, ó dì í mọ́ etí ìborùn. "Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Kò sí èyí tí ibà mú nínú wọn tí ẹ̀yìn ọwọ́ mi ò kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ tan máṣíìnì yín."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jíbrílù á dán, á gbé e sókè, Ganiat á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, á ní "Ó kù díẹ̀" tàbí "Ẹ kúrò níbẹ̀." Àlàó tó ń lẹ táyà lódìkejì ò lè pa á mọ́ra.

"Ọ̀gá Jíbrílù, ṣé ìyàwó yín ń bá yín ṣiṣẹ́ ni, àbí ó ń súre fún ọkọ̀?"

"Gbájú mọ́ táyà ẹ. Ẹnu ẹ gan-an ló ń jò."

Wọ́n dé etí ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù.

"Ẹ gbé e," ni Ganiat wí.

"Kò tíì tó."

"Ẹ gbé e."

"Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó fẹ́ ẹ."

"Nínú àwa méjèèjì, ọwọ́ ta ló ń mọ̀ ọ́n?"

Jíbrílù gbé máṣíìnì sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo etí ilẹ̀kùn náà dáadáa. Ọ̀dà ti fẹ́ máa ṣú. Bó bá tún pẹ́ tó kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀kan, kò sí ọ̀dà níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "O ṣé," ohùn rẹ̀ ò sì ju ti eèrà lọ.

Wọ́n ti fẹ́ parí ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì tó kù nígbà tí Màmá Modúpẹ́ padà dé, tó bá Ganiat tó gbọ́wọ́ lé ọkọ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe síyẹn?"

Jíbrílù pa máṣíìnì. "Màmá, ọwọ́ mi ò mọ gbígbóná mọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín láàárọ̀, ẹ má bínú. Ọwọ́ ìyàwó mi la fi ń ṣe é."

Màmá yí ọkọ̀ ká, ó ń wá ojú ibi tó jó. Kò rí. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣì gbóná, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bó ṣe máa ń gbóná nìyí. Bí ọkọ mi bá ní òun ti délé láti agogo mẹ́rin, mo máa ń yọ́ jáde wá fọwọ́ kàn án níbí. Bí mo bá bá a báyìí, mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa."

"Ṣé wọ́n máa ń purọ́, Mà?" ni Ganiat bi í.

"Lójoojúmọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì kún ojú rẹ̀. Kò gbọ́wọ́ kúrò títí irin náà fi tutù. "Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kù. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é bọ̀."

Ní Mọ́ńdè, Ganiat fa Jíbrílù lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi máṣíìnì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́. Wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ti tó. Nísinsìnyí, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀, Jíbrílù á ní kó padà wá tí agogo méjì bá lù.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ agogo méjì?" ni wọ́n máa ń bi í.

"Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi ń ti ìsọ̀."