Ilé Abẹ́ Omi Tí N Ò Fẹ́ Kọ́

"Géèmù òkun tí ò ní ilé abẹ́ omi? Kàmọ́rù, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́ ṣá?"

Ọ̀gá wa, Àǹtí Fọlákẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ọ́fíìsì wa ní Ìkòròdú. Géèmù orí kọ̀ǹpútà la máa ń ṣe. Nínú èyí tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, ọmọbìnrin kan ló ń tukọ̀ kiri òkun, tó ń wá ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ́ àwọn ibi tó máa wọ̀: erékùṣù, èbúté, ihò inú àpáta. Ó wá ku ilé kan tí omi kún dé òrùlé, tó máa mòòkùn wọ̀.

Mo fárígá. Mo ní, "Àǹtí, omi ni géèmù yìí látòkè délẹ̀. Kí la tún ń bomi sínú omi fún?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n dání, àmọ́ mo kàn ń fi bojú ni. Súlè, bàbá tó bí mi, yanrìn ló ń wà nínú ọ̀sà ní Ìjẹdè. Ó mòòkùn lọ́jọ́ kan, kò sì wálé mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Látìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé òun nìkan ló dá wà níbẹ̀ títí tí ẹ̀mí fi bọ́?

Àǹtí ní tí n ò bá kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun á gbé e fún ẹlòmíì. Mo fi ìbínú kọ́ ọ: omi mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń tàn yòò, ẹja oríṣiríṣi ń lọ ń bọ̀. Nígbà tí mo gbá a wò, ojú tì mí. Irọ́ gbuu ni. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo dorí kọ Ẹ̀pẹ́, lọ sọ́dọ̀ Bàbá Mùfú, tí òun àti bàbá mi jọ wa yanrìn.

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí.

"Ta ló tanná sísàlẹ̀ ọ̀sà?"

"Èmi ni, sà."

"Iná tí ò dé ilé mi láti àná, ìwọ ti fà á dé abẹ́ omi."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Òkùnkùn biribiri ni ìsàlẹ̀. Wọ́n á ki ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀ láti inú ọkọ̀, ẹni tó ń mòòkùn á máa di ọ̀pá náà mú sọ̀kalẹ̀, tòun ti garawa rẹ̀. Ẹni tó kù nínú ọkọ̀ ò gbọdọ̀ yọwọ́ lára ọ̀pá. Ẹni ìsàlẹ̀ á mì í, ẹni òkè á mì í padà, kó lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Mo bi í pé, "Bàbá, ta ló di ọ̀pá mú lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni. Ó mì í, mo mì í padà. Ó tún mì í, mo tún mì í padà. Ìgbà tí ò mì í mọ́ ni mo tó fi í sílẹ̀, mo bẹ́ sómi. Yanrìn ti ya bò ó. N ò rí i fà yọ. Àmọ́ n ò yọwọ́, Kàmọ́rù. Mo fi Ọlọ́hun búra."

Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, mo pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ ilé náà. Mo yọ ẹja kúrò. Mo ki ọ̀pá gígùn kan wọ̀ ọ́ láti inú ọkọ̀, òun nìkan ló wà nínú òkùnkùn. Tí ọmọbìnrin náà bá ti mì í, páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù á gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a, ìyẹn ni pé ẹni òkè ti dáhùn. Àǹtí Fọlákẹ́ gbá a tán, ó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Mo gbé géèmù náà padà lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo fi páàdì lé Bàbá Mùfú lọ́wọ́. Nínú géèmù náà, ẹni tó di páàdì mú ló wà nísàlẹ̀ omi, ṣùgbọ́n kí n tó ráyè sọ ìyẹn fún un, ìka rẹ̀ ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì, páàdì náà sì gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta gìrì. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú pinpin, ó sì mì í padà.

"Mo wà ńbí, Súlè," ó ní. "Mo wà ńbí."