Tíṣà Tó Di Ìyàwó Ilé-Ìwé

Ikọ́ kò ṣe Tíṣà o. Ẹ jẹ́ ká ti yanjú ìyẹn ná. Àyà rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo nígbà tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tó ti gúnlẹ̀ sí ìlú òkèèrè yìí, ikọ́ ni ọkùnrin náà fi ń pe ọ̀gá rẹ̀. Tó bá fẹ́ béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fẹ́ gba àyè lọ sí báńkì, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé náà ti gbé omi gbígbóná àti oyin fún un lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àánú. Tíṣà mu ún, ó dúpẹ́, ó sì tún lọ wúkọ́.

Ọjọ́ kìíní gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà láti pàdé rẹ̀. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ga débi pé ó ń tẹrí kó tó wọ yàrá àwọn olùkọ́. Bí Tíṣà ṣe rí i báyìí, ara rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti na ọwọ́ kan kanlẹ̀.

"Kí lo sọ nù?" ni ọ̀gá àgbà wí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá a.

Ẹ wo àwọn àgbàlagbà méjì lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí kò sọnù. Tíṣà kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé. Ló bá ní bọ́tìnnì òun ni. Wọ́n wá bọ́tìnnì náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, ọ̀gá mi."

"Rárá o. Níbí, kò sí mà, kò sí ọ̀gá. Orúkọ mi ni kí o máa pè mí, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè mí. Ẹni tó bá pè mí lọ́gàá, n kì í dá a lóhùn."

Ó rẹ́rìn-ín sí i o, àmọ́ kì í ṣe àwàdà.

Tíṣà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ọdún tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀gá àgbà. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún kan péré jù ú lọ, kò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí, àfi ọjọ́ kan tó gbàgbé, etí rẹ̀ sì jẹ̀yà rẹ̀. Ó gbìyànjú o. Ó dúró níwájú dígí, ó la ẹnu, orúkọ ọ̀gá àgbà yọ dé eyín, ó tún fà padà bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn lórí.

Bó ṣe di oníkọ́ nìyẹn.

Nínú àwọn nǹkan yòókù, ó ń gbìyànjú. Yàrá kan ni wọ́n gbà fún un ní àjà kẹta, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń ká wọ inú ògiri. Tí o bá jókòó sí igun tí kò yẹ, bẹ́ẹ̀dì náà á fẹ́ gbé ọ mì. Ó ní ìkòkò kan, ṣíbí kan, àti fọ́tò ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún méje, tó gbé ti kẹ́tù kó lè máa rí wọn nígbà tí omi bá ń hó. Ó ti mọ̀ pé bọ́ọ̀sì aago méje kọjá ìṣẹ́jú méje kì í dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ̀ pẹ̀lú pé a kì í wọ bọ́ọ̀sì ká kí gbogbo èrò. Ọjọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó ní "Ẹ káàárọ̀ o!" tẹ̀rín-tẹ̀rín, gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń dúró de ìkéde. Obìnrin kan tilẹ̀ ti di báàgì rẹ̀ mú, ó rò pé ọkọ̀ ti bàjẹ́.

Kíláàsì ni ibi tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ jù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni pé orúkọ ni àwọn náà ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ ọdún méjìlá ké orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó yí padà wìì, ó rò pé bàbá òun ló dé. Ó ti wá mọ́ ọn lára. Kí ọmọdé pe òun lórúkọ, ó lè gbé e mì. Kí òun pe àgbà, ìyẹn ló há a lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán, ká ní kì í ṣe ti ìwé kan. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n fi ń dán olùkọ́ tuntun wò. Lópin rẹ̀, ọ̀gá àgbà ni yóò fọwọ́ sí ìwé. Tó bá fọwọ́ sí i, Tíṣà ti di ọmọ ilé-ìwé náà nìyẹn, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì lè wá bá a. Tí kò bá fọwọ́ sí i, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀, níbi tí kò ti fẹ́ máa rí i.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni omi dé.

Àwọn ọmọ ti jáde ní kíláàsì. Tíṣà nìkan ló ń fọ àwọn ife onídígí nínú yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Ó fẹ́ ti ẹ̀rọ omi pa, orí ẹ̀rọ náà bá yọ sí i lọ́wọ́. Omi ta sókè, ó kan àjà, ó wá ń rọ̀ lé e lórí bí òjò. Kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ti ń ti gbogbo omi pa wà nínú ìdì kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀gá àgbà máa ń so mọ́ ìgbànú. Tíṣà sáré jáde. Ó rí i ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ yẹn.

Tíṣà wúkọ́.

Ọ̀gá àgbà ń lọ.

Ó tún wúkọ́, èyí tó lè ya ògiri. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní "Ẹ dákun o! Ẹ jọ̀wọ́ o!" Ṣùgbọ́n nínú ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń rọ́ jáde, ta ni kì í pariwo? Ta ló mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀? Ọ̀gá àgbà yà ní kọ́nà, ó bọ́ sínú mọ́tò, ó lọ.

Kí bàbá agbálẹ̀ tó rí kọ́kọ́rọ́ kejì nísàlẹ̀ ilé, omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ìkàwé, ó ti jókòó sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ bí ẹni tó wá kàwé. Ìwé mẹ́tàlélógójì ló rẹ.

"Mo rí ọ," ni bàbá agbálẹ̀ wí, ó ń fún omi inú aṣọ ìnulẹ̀. "O dúró síbẹ̀, ò ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Kí ló dé tí o kò pe orúkọ rẹ̀?"

Tíṣà mú aṣọ ìnulẹ̀ mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nulẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ìwé péńpé kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lórí tábìlì rẹ̀: "Wá rí mi ní aago mẹ́ta."

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé-ìwé, ó pe ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó náà, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ́. Bí Tíṣà ṣe ń ròyìn, ẹ̀rọ náà rọra ń falẹ̀. Nígbà tó dé ibi àtẹ́wọ́, ẹ̀rọ dákẹ́ pátápátá, ẹ̀rín bú jáde.

"Olówó-orí mi! Ṣé ikọ́ ni wọ́n gbà yín sí iṣẹ́ ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n máa lé mi."

"Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mi tán ná. Tó bá yá, màá bá yín sunkún." Ó rẹ́rìn-ín tán lóòótọ́, ó fọn imú. "Ó dáa. Nígbà tí mo wọ ilé yín, èèyàn mélòó ni mo bá níbẹ̀?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ gbọ́ kí n pe ẹnì kan nínú wọn lórúkọ rí? Títí kan àbúrò yín tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ?"

"Rárá."

"Kí ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n yín obìnrin?"

"Ìbàdíàrán."

"Àbúrò yín tí kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn ńkọ́?"

Tíṣà kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ Ìkòkò."

"Ẹ ṣeun. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọ ilé ìdáná, ṣé mo wúkọ́, àbí mo lọgun pé, 'Ọkọ Ìkòkò, ẹ gbà mí o'?"

"O lọgun."

"Ṣé ó gbọ́?"

"Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

"Hẹn-ẹ́n. Ẹni tó wọ ilé onílé, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí, tí wọ́n wá ń ṣọ́ ọ wò bóyá ó máa gbé, kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Tíṣà ní, "Àlejò?"

"Ìyàwó ni wọ́n ń pè é! Ẹ ti lọ́kọ, ẹ ò mọ̀ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá wò wọ́n, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ lọ fún ìyá ọkọ yín lórúkọ."

"Èmi, ọkùnrin?"

"Ẹ̀yin, ọkùnrin. Ẹ sì rọra rìn wọlé o, ìyàwó kì í gbẹ́sẹ̀ bí sójà." Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀.

Ní aago mẹ́ta, Tíṣà kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Wọ́n ti sá àwọn ìwé tó rẹ sójú fèrèsé àti sórí ẹ̀rọ amúlé-gbóná, ewé wọn wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ìwé tirẹ̀, èyí tí wọ́n máa fọwọ́ sí, wà níwájú ọ̀gá àgbà. Ó ti fi ìdérí dé bírò rẹ̀.

"Jókòó. Ọ̀rọ̀ omi kọ́ ló dùn mí jù," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ rí. Tí mo bá wọlé, wàá máa wo ilẹ̀. Tí mo bá kí ọ, wàá tẹ̀ bí ẹni tí inú ń run. Lánàá, ilé-ìwé fẹ́ rì, o kò tún pè mí. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Gbogbo ọ̀wọ̀ tí Tíṣà ti ń kó fún obìnrin yìí láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ìkórìíra ni ó ń kà á sí!

"Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan," ló wí. "Ọdún kan náà ni wọ́n bí ẹ̀yin àti ìyá mi. Nílé wa, ẹni tó bá pe irú yín lórúkọ lásán, bí ẹni pé kò rí yín ni."

"Níbí, ẹni tí kò bá pè mí ni kò rí mi."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Ìyàwó tuntun kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Yóò wò wọ́n dáadáa, yóò wá fún wọn ní orúkọ tó bá wọn mu. Kì í ṣe oyè, kì í ṣe ọ̀gá. Orúkọ ni."

Ọ̀gá àgbà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyàwó tuntun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ."

"Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀," ni Tíṣà dáhùn, ojú ń tì í.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀gá àgbà mì. "Kí lo wá fẹ́ máa pè mí?"

"Agùntáṣọọ́lò."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ẹni tó ga débi tó yẹ aṣọ. Aṣọ kì í ṣòfò lára rẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀gá àgbà lọ sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó tún un ṣe. "Nígbà tí mo wà ní kékeré," ló wí, "òpó iná ni wọ́n ń pè mí." Ó dìde. "Tẹ̀lé mi."

Ó mú un lọ síwájú yàrá sáyẹ́ǹsì. "Dúró síbi tí o dúró sí lánàá." Òun fúnra rẹ̀ rìn lọ dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ó yá. Omi ti dé."

Tíṣà la ẹnu. "Agùntáṣọọ́lò o!"

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣí, orí olùkọ́ yọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá àgbà kò mira.

"N kò gbọ́," ló wí fún ògiri iwájú rẹ̀.

Tíṣà mí kanlẹ̀, gbogbo ikọ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sì di ohùn. "Agùntáṣọọ́lò! Ẹ gbà mí o, omi ń gbé ilé lọ!"

Ọ̀gá àgbà yí padà, ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ sókè, ó ń mì í woroworo, ó ń sáré bọ̀. "Mo gbọ́! Mo ń bọ̀!"

Ojú fèrèsé, láàárín àwọn ìwé tútù, ni ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí ìwé Tíṣà. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀: gbogbo ọjọ́ Sátidé fún oṣù kan, Tíṣà ni yóò máa sá ìwé mẹ́tàlélógójì, tí yóò máa lẹ ẹ̀yìn wọn. Ìyàwó kì í wọlé kí wọ́n má fún un níṣẹ́.

Bí Tíṣà ṣe jáde, bàbá agbálẹ̀ dí i lọ́nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Èmi tí mo fún ọ lóyin lásán ńkọ́? Orúkọ tèmi dà?"

Tíṣà wò ó. Eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu bàbá náà, ṣùgbọ́n wọ́n funfun gan-an. "Eyínfúnjowó," ló wí, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni Tíṣà tún ti pe ilé. Kò wúkọ́, kò kí. "Ẹ lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, ìwọ àti ọmọ."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Tíṣà mọ̀ pé ẹkún tí ìyàwó òun ṣèlérí ni ó ń sun. Lẹ́yìn náà, ó fọn imú.

"Ó dáa, mo ní ìbéèrè kan. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi wọ ilé yẹn lọ́hùn-ún, àbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti jẹ́ ìyàwó níbẹ̀ kí n tó dé, àbí?"

Tíṣà ti rí ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Á jẹ́ pé mo kúnlẹ̀ o," ni aránṣọ wí. "Ìyáálé mi, ẹ gbálẹ̀ dè mí. Mo ń bọ̀."